Ọmọ Tó Ń Tọ Ẹ̀jẹ̀: A Kì í Fi Ẹ̀tẹ̀ Sílẹ̀ Pa Làpálàpá

Kì í ṣe ìròyìn mọ́ ní ọ̀pọ̀ abúlé etí odò nílẹ̀ Yorùbá pé ọmọkùnrin ọdún 10 tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ìyá rẹ̀ bá figbe ta, àwọn àgbà ilé ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé àtọ̀sí ajá ni, pé kò sí ọkùnrin inú agbo ilé náà tí kò ṣe é rí nígbà èwe. Wọn a se agbo fún ọmọ náà, tàbí kí wọ́n ra oògùn díẹ̀ wá láti kẹ́míìsì, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni àwọn àgbà ń sọ. Ìgbà díẹ̀ tí kì í ṣe òótọ́ ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí.

Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ wọn kò ti ọ̀dọ̀ kòkòrò odò wá, bí kò ṣe láti ara kókó tó hù sínú àpò ìtọ̀. Òmíràn nínú kókó bẹ́ẹ̀ kò ní ewu púpọ̀. Òmíràn jẹ́ jẹjẹrẹ. Àwọn ọmọ tó ń ní in kò pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n ilé tó bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní bi wá léèrè bóyá ó pọ̀ tàbí kò pọ̀. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ojú lásán dárúkọ àìsàn ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀, ì báà ṣe òbí, ì báà ṣe oníṣègùn ìbílẹ̀, ì báà sì ṣe dókítà. Àyẹ̀wò ló gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀. Ojúṣe ìjọba sì ni láti mú àyẹ̀wò náà sún mọ́ àwọn ará oko.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti àtọ̀sí ajá, nítorí òun ló wọ́pọ̀ jù. Ajá kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Theodor Bilharz, dókítà ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ló rí aràn tó ń fa àìsàn náà ní ìlú Káírò lórílẹ̀-èdè Íjíbítì ní 1851. Bí ẹni tó ní àìsàn yìí bá tọ̀ sínú odò, ẹyin aràn náà yóò pa nínú omi, ọmọ rẹ̀ yóò wọ inú ìgbín kéékèèké kan tó ń gbé inú odò, yóò pọ̀ sí i níbẹ̀, yóò sì tún jáde sínú omi. Ẹni tó bá wẹ̀, tó fọṣọ tàbí tó dẹ ẹja níbẹ̀, awọ ara rẹ̀ ni aràn náà ń gbà wọlé láìjẹ́ pé ó mọ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ni aràn náà máa ń tẹ̀dó sí. Ẹyin tó ń yé ló ń ya ara àpò ìtọ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ fi máa ń jáde, pàápàá nígbà tí ìtọ̀ bá fẹ́ parí.

Ibi tí omi bá dúró sí ni ìgbín yìí fẹ́ràn. Ẹ wo dáàmù Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ìjọba àpapọ̀ ṣí ní 1983. Ó mú omi wá, ó mú ẹja wá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ṣe ìwádìí ní àwọn abúlé tó yí i ká, tí wọ́n sì bá àìsàn náà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ iléèwé. Oògùn rẹ̀ wà, praziquantel lorúkọ rẹ̀, bí ọmọ bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n ń fi díwọ̀n rẹ̀ fún un. Kò sí ìdí tí ọmọ kankan fi gbọdọ̀ máa bá àìsàn yìí yí fún ọdún púpọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé àtọ̀sí ajá pàápàá lè mú kí kókó hù sínú àpò ìtọ̀. Ibi tí ẹyin bá kó jọ sí á wú, á nípọn, á sì yọ jáde bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri. Bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ wo ikùn ọmọ bẹ́ẹ̀, kókó ni wọn yóò rí, ẹni tí kò bá sì mọ̀ lè pariwo jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí ọmọ náà bá lo praziquantel, irú kókó yìí sábà máa ń súnkì láàárín oṣù mélòó kan. Ẹ wo ewu tó wà níbẹ̀: ẹni tó bá sáré yọ̀bẹ lè ba àpò ìtọ̀ ọmọ jẹ́ nítorí ohun tí kóró oògùn ìbá tán.

Ewu kejì ló wá burú jù. Jẹjẹrẹ tó wọ́pọ̀ jù nínú àpò ìtọ̀ àwọn ọmọdé ni èyí tí àwọn dókítà ń pè ní rhabdomyosarcoma. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ lára irú ẹran tó yẹ kó di iṣan ara. Ní gbogbo ibi tó lè ti yọ lára, ọmọ bí i 4 tàbí 5 nínú mílíọ̀nù kan ló ń ní in lọ́dún, ti inú àpò ìtọ̀ sì jẹ́ díẹ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ kéékèèké tí kò tíì pé ọdún 5 ló ń bá jà jù, ọkùnrin sì pọ̀ ju obìnrin lọ níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń so jọ bí ṣírí èso àjàrà. Lára ọmọbìnrin, ohun tó jọ èso àjàrà náà lè yọ sí ojú ara rẹ̀, ìtìjú a sì mú kí òbí gbé e pamọ́ dípò kí wọ́n gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn yàwòrán ọmọ kan tó jẹ́ ọmọ ọdún 3. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ nígbà gbogbo, ó ń kán tó-tó-tó, ó sì ń rin bí ẹni tó fẹ́ yàgbẹ́. Ìyá àgbà ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, wọ́n fún un ní agbo. Lẹ́yìn oṣù kan, ó tọ ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá kẹ́míìsì ní kòkòrò ni, ó ta oògùn fún wọn. Lẹ́yìn èyí, aládùúgbò kan ní àtọ̀sí ajá ni, wọ́n wá praziquantel, ẹ̀jẹ̀ náà sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, inú gbogbo ilé dùn. Ìgbà tí ọmọ kò lè tọ̀ mọ́ rárá, tí abẹ́ ìdodo rẹ̀ wú, ni wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn. Ẹni mẹ́ta ló ti dárúkọ àìsàn rẹ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó gba ìtọ̀ rẹ̀ sínú ìgò.

A kò dá àwọn èèyàn yìí lẹ́bi pé wọ́n jẹ́ ìkà. Wọ́n fẹ́ràn ọmọ náà. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe. Àwọn àgbà ló sì sọ ọ́ pé ohun tó jọ ohun la fi ń wé ohun, èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí èlírí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi èèpo ẹ̀pà sin òkú èèyàn, ayé yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan ló jọra wọn nínú àpò ìtọ̀ ọmọ. Òkúta lè wà níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì lè kó jọ síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà bọ̀ láti inú kíndìnrín lè wú bí bàlúùnù láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọmọ. Kókó mìíràn wà tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tó jẹ́ pé ara tó wú ló fà á tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ́ pọ̀. Kódà, ẹ̀jẹ̀ inú ìtọ̀ lè má ti inú àpò ìtọ̀ wá rárá: àìsàn kíndìnrín tó tẹ̀lé egbò ara tàbí ọ̀nà ọ̀fun dídùn lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni àrùn fòníkú-fọ̀ladìde.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀? Ìtọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀. Láàárín aago mẹ́wàá òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán ni ẹyin aràn àtọ̀sí ajá máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀, àsìkò yẹn ló dára jù láti gbà á fún àyẹ̀wò. Bí wọ́n bá rí ẹyin, kí wọ́n fún ọmọ ní oògùn. Ibi tí a fẹ́ kí gbogbo èèyàn ti fetí sílẹ̀ dáadáa nìyí: ẹyin tí wọ́n rí kò túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan mìíràn. Ọmọ tó ń gbé etí odò lè ní àtọ̀sí ajá, kó sì tún ní jẹjẹrẹ. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn oògùn, tàbí tó dá tó tún padà, ìwádìí kò tíì parí.

Ọjọ́ orí pàápàá kò tó láti fi ṣèdájọ́. Àwọn kan máa ń sọ pé ọmọ ọwọ́ kì í lọ sódò, nítorí náà kò lè ní àtọ̀sí ajá. Ṣùgbọ́n ìyá tó pọn ọmọ lọ fọṣọ, tó bu omi odò wẹ̀ fún un, ti mú un dé ọ̀dọ̀ aràn náà. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi yí ìlànà rẹ̀ padà ní 2022, tó ní kí wọ́n máa fún àwọn ọmọ láti ọdún 2 sókè ní oògùn ní ibi tí àìsàn náà bá ti gbilẹ̀, dípò àwọn ọmọ iléèwé nìkan.

Lẹ́yìn ìtọ̀, síkáànì ló kàn, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún. Kì í dun ọmọ, kì í sì í ṣe abẹ. Àṣírí rẹ̀ kan ni pé àpò ìtọ̀ gbọ́dọ̀ kún kí wọ́n tó wò ó. Bí kò bá kún, ara rẹ̀ á ká jọ, á sì dà bí ẹni pé kókó wà níbi tí kò sí nǹkan kan, tàbí kí kókó gidi sá pamọ́. Nítorí náà, kí ẹ fún ọmọ lómi mu dáadáa, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò yóò tún ní kí ọmọ yí ẹ̀gbẹ́ padà. Òkúta àti ẹ̀jẹ̀ dídì sábà máa ń yí pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n kókó tó hù láti ara àpò ìtọ̀ kì í kúrò lójú kan.

Síkáànì lè sọ pé kókó wà. Kò lè sọ irú kókó tó jẹ́. Bí àwọn dókítà bá rí i pé kókó náà tóbi, tàbí pé kò súnkì lẹ́yìn oògùn àtọ̀sí ajá, tàbí pé ó ń dí ìtọ̀ lọ́nà, wọn yóò fún ọmọ ní oògùn oorun, wọn yóò ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná lórí gba ojú ìtọ̀ wọlé, wọn yóò sì bu díẹ̀ lára kókó náà. Ìbẹ̀rù ló sábà máa ń bá òbí níbí, wọn a ní bí ọ̀bẹ bá ti kan jẹjẹrẹ, ṣe ni yóò ràn bí iná. Bíbu díẹ̀ láti yẹ̀ wò kọ́ ló ń pa ọmọ. Ìtọ́jú tí wọ́n ń ṣe láìmọ ohun tí wọ́n ń tọ́jú ló ń pa á. Ẹran tí wọ́n bù náà ni dókítà tó mọṣẹ́ yóò fi sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Òun nìkan ló lè fi ìdánilójú sọ pé jẹjẹrẹ ni tàbí kì í ṣe òun. Bí ó bá jẹ́ òun, síkáànì ńlá tí wọ́n ń pè ní CT tàbí MRI yóò fi hàn bóyá ó ti tàn dé ibòmíràn.

Ìtàn kọ́ wa pé dídúró de èsì yìí lérè. Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá rí irú jẹjẹrẹ yìí, odindi àpò ìtọ̀ ni wọ́n máa ń gé kúrò, ọmọ tó bá yè á sì máa gba ojú ihò tí wọ́n dá sí ikùn tọ̀ títí ayé. Láti 1972 tí àwọn dókítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti para pọ̀ láti máa ṣe ìwádìí lórí rẹ̀, wọ́n ti rí i pé oògùn tí wọ́n ń fà sí iṣan lè mú kókó náà súnkì kí ọ̀bẹ tó dé, tí ọ̀pọ̀ ọmọ fi ń pa àpò ìtọ̀ wọn mọ́. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tó rí já jẹ, ó ju ọmọ 7 nínú 10 lọ tó ń yè bí jẹjẹrẹ náà kò bá tíì tàn kúrò níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àìsàn tó ṣeé wò ni à ń sọ yìí. Kì í ṣe ìdájọ́ ikú.

Ibo wá ni ìṣòro wà? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó ju 80 lọ nínú 100 ọmọ tó ní jẹjẹrẹ tí wọ́n ń wò sàn, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tálákà, wọn kò tó 30. Ní 2018 ni àjọ náà gbé ètò kan kalẹ̀ pé kó tó di 2030, ó kéré tán, kí 60 nínú 100 àwọn ọmọ wọ̀nyí máa yè káàkiri ayé. 2030 ti dé tán. Ọmọ tó wà lábúlé wa kò ní débẹ̀ bí ó bá jẹ́ pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú àìsàn rẹ̀ ló ń lò láàárín agbo àti kẹ́míìsì.

Lójú tiwa, ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe kò kọjá agbára rẹ̀. Àkọ́kọ́, kí gbogbo ilé ìlera alábọ́dé lè yẹ ìtọ̀ wò, kí praziquantel sì wà níbẹ̀ jálẹ̀ ọdún, kó má jẹ́ ìgbà tí àwọn àlejò bá gbé e wá nìkan. Èkejì, kí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ kọ òfin kan ṣoṣo sára ògiri gbogbo ilé ìwòsàn ní èdè Yorùbá: ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tó tọ ẹ̀jẹ̀, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá lẹ́yìn oògùn, àti ọmọ tí ìtọ̀ há mọ́ nínú gbọ́dọ̀ rí síkáànì. Ẹ̀rọ náà ti wà ní ọ̀pọ̀ ìlú fún àwọn aboyún. Ohun tó kù ni kí wọ́n kọ́ àwọn tó ń lò ó bí wọ́n ṣe ń wo àpò ìtọ̀ ọmọdé.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹran tí wọ́n bù. Kò yẹ kó jẹ́ òbí ni yóò máa gbé ìgò lọ́wọ́ láti ìlú dé ìlú, tí yóò sì tún máa wá owó àyẹ̀wò kiri. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ ní ọkọ̀ tí yóò máa kó o lọ sí àwọn ilé ìwòsàn ńlá bí UCH Ìbàdàn, LUTH l'Ékòó àti èyí tó wà ní Ilé-Ifẹ̀, nínú kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, kí èsì sì padà wá láìpẹ́. Ẹ̀kẹrin, òfin adójútòfò ìlera tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní 2022 sọ pé dandan ni fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà, ó sì ní owó kan wà fún àwọn aláìní. A ń bi àwọn gómìnà wa pé: ọmọ àgbẹ̀ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ ńkọ́, ṣé kò sí nínú àwọn aláìní ni? Kí wọ́n kọ àyẹ̀wò àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmọdé sínú ohun tí adójútòfò ìpínlẹ̀ yóò máa san. Níwọ̀n bí àwọn ọmọ náà kò ti pọ̀, owó rẹ̀ kò lè fọ́ àpò ìjọba kankan.

Kí a má sì gbàgbé kànga àti omi ẹ̀rọ. Bí àtọ̀sí ajá bá dín kù lábúlé, ọmọ tó bá tọ ẹ̀jẹ̀ á di ohun tí gbogbo èèyàn ń sáré sí. Ànfààní mìíràn tún wà níbẹ̀ fún àwọn àgbà, nítorí láti 1994 ni àjọ tó ń ṣe ìwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ti kéde pé aràn àtọ̀sí ajá wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ fún ẹni tó bá ti ń gbé e kiri fún ọdún púpọ̀.

Ẹ̀yin òbí wa lóko àti nílé, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ parí sí. Bí ọmọ bá tọ ẹ̀jẹ̀, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ gba ìtọ̀ náà sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ gbé ọmọ àti ìgò lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ àtọ̀sí kó ìtìjú bá yín, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọbìnrin, nítorí àìsàn yìí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ìṣekúṣe. Ẹ béèrè orúkọ àìsàn náà, ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, kí ẹ sì gba ìwé èsì sọ́wọ́. Ẹ̀yin oníṣègùn ìbílẹ̀ àti ọlọ́jà kẹ́míìsì, ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá, ẹ kọ́kọ́ ní kó lọ yẹ ìtọ̀ wò. Ẹ̀yin olùkọ́, baálẹ̀, pásítọ̀ àti àáfà, ẹ bá wa sọ ọ́ níbi tí èèyàn bá pé jọ sí.

Àwọn bàbá wa kò tàsé nígbà tí wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀tẹ̀ àti èyí tó jẹ́ làpálàpá, ó gbọ́dọ̀ wo ara aláìsàn náà dáadáa. Ìwòdáadáa yẹn ni àwọn ọmọ wa ń tọrọ lọ́wọ́ wa.